Bẹ́ǹṣì Má-Fara-Tì

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà tí wọn yóò fi na ìyàwó. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tí etí ò tíì gbọ́ rí ni ti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ pàṣán, tó fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi dán, tó rẹ́rìn-ín sí i, tó sì tún wá fi ìdí ara rẹ̀ gbà á.

Káfíńtà kan ni. Ohùn-Àgbá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohùn tó fi ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kì í ṣe ohùn ènìyàn. Bó bá fa ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ lọ́jọ́ ìsinmi, fìtílà tó wà lórí àjà á máa jó, eyín àtọwọ́dá àwọn arúgbó á máa lu ara wọn gbàkà-gbàkà lẹ́nu, aláǹgbá tó wà lórí páànù á sì di páànù mú, á rò pé ayé ti parí. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ó mọ orin, ó mọ ẹ̀fẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Bàbá Ìlànà ló gbé iṣẹ́ bẹ́ǹṣì náà fún un. Olórí àwọn alàgbà ìjọ ni Bàbá Ìlànà, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tí kóòtù kò tíì fẹ̀yìn tì kúrò nínú rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ìlànà fàyè gba omi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ohùn-Àgbá, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní:

"Káfíńtà, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ inú ìjọ wa ń rójú jókòó jù."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá?"

"Wọ́n á dẹ́ṣẹ̀ tán, wọ́n á tún wá jókòó pẹ̀sẹ̀ bíi ti èmi tí n kò dẹ́ṣẹ̀. Mo fẹ́ bẹ́ǹṣì kan, ẹ̀yìn pátápátá ni a ó gbé e sí. Ẹni tí ìjọ bá ń bá wí, ibẹ̀ ni yóò máa wà. N kò fẹ́ kó dùn ún jókòó lé o."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Bàbá. Bí Sátánì fúnra rẹ̀ bá jókòó lé e, á ti ronú pìwà dà kí wọ́n tó gba ọrẹ."

Ó sì ṣe é bó ṣe wí. Ó dín fífẹ̀ pákó náà kù títí tí kò fi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó dà á síwájú díẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí òkè tí òjò pa. Kò fún un ní ẹ̀yìn. Kókó kan sì wà lára igi náà, tó le bí ọkàn onílé lọ́jọ́ tó ń gba owó ilé. Káfíńtà mìíràn á ti fá a dànù. Ohùn-Àgbá ò fá a. Ńṣe ló tún pákó náà yí, kí kókó yẹn lè bọ́ sí ibi tí itan ń gbé gẹ́lẹ́. Nígbà tó gbé e dé ìjọ, tí wọ́n rí i, Má-Fara-Tì ni wọ́n sọ ọ́.

Bàbá Ìlànà wá ṣe ìlànà tì í. Ẹni tó bá ti jókòó sórí Má-Fara-Tì kò lè dá dìde. Ó di ọjọ́ tí ọmọ ìjọ kan tí kò sí lábẹ́ ìbáwí bá rìn lọ bá a níṣojú gbogbo ènìyàn, tó dì í lọ́wọ́ mú, tó fà á dìde. Ìfàdìde ni wọ́n ń pè é. Ó dùn létí, àbí? Ẹ dúró ná. Ẹni tó bá fani dìde ti di onígbọ̀wọ́ nìyẹn. Bí ẹni tó fà bá tún ṣubú, onígbọ̀wọ́ ni yóò lọ jókòó dípò rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ìdí ara rẹ̀ dúró fún ìwà ẹlòmíràn? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìlànà náà kalẹ̀, wọn ò tíì fa adìyẹ dìde níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ènìyàn. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ, arúgbó jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, ń wàásù àánú Ọlọ́run níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, àánú tó jìn ju òkun lọ. Ṣùgbọ́n bí àánú náà bá ti dé ìlà àga kẹta, á rẹ̀ ẹ́, á jókòó.

Ẹni tó kọ́kọ́ pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni obìnrin onídìrí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rèé. Bàbá Ìlànà ń gba àdúrà ìparí ìsìn lọ́wọ́. Àdúrà Bàbá Ìlànà, bí ẹ bá gbin àgbàdo nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ, ẹ ó ti sè é jẹ kó tó parí. Ó ti gbàdúrà fún àwọn tó wà lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ àti àwọn tó wà láàárín; ó ti dé orí ẹja inú ibú nígbà tí Onídìrí rántí pé òun gbé ìkòkò sórí iná nílé. Bí Bàbá ṣe dúró kó mí báyìí, Onídìrí ké tòò: "ÀMÍN!" Ìjọ tí ebi ti ń hàn léèmọ̀ gbà á: "Àmín!" Wọ́n ti fò dé ojú títì kí Bàbá Ìlànà tó lajú. Wọ́n ní kí obìnrin náà tọrọ àforíjì. Ó ní, "Àmín ni mo ṣe, n kò ṣépè." Bó ṣe bá ara rẹ̀ lórí Má-Fara-Tì nìyẹn.

Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó kù, ìsìn kan péré ni wọ́n ń jókòó mọ, wọ́n á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí ìjọ mìíràn. Onídìrí nìkan ló takú. "Ilé Bàbá mi ni," ló máa ń wí. "Ẹ̀yin lẹ gbé mi sẹ́yìn. Òun ò ní kí n jáde."

Ohùn-Àgbá ńkọ́? Láàárín ẹgbẹ́ akọrin ló ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti rí i tó ń yọ̀ bọ̀ lórí pákó, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Wò ó, wò ó! Iṣẹ́ ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́!"

Àfi bí ọtí ṣe bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́yìn iṣẹ́, kí eruku pákó lè bọ́ lọ́fun. Eruku pákó wo ló tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tó yá, ó ń mu ún bí ẹni tí gbogbo igbó há sí lọ́nà ọ̀fun. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni obìnrin náà ní láyé, ìyá rẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìró rẹ̀ ni ilé fi ń jí, ìró rẹ̀ ni ilé fi ń sùn. Obìnrin náà lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó padà dé, ojú ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin ló bá nílẹ̀, ibi tí eruku ò dé.

"Bàbá wọn, ẹ̀rọ mi dà?"

"Olè ni," Ohùn-Àgbá wí. Òórùn ẹnu rẹ̀ nìkan tó láti jẹ́rìí takò ó ní kóòtù mẹ́fà.

Àfi bíi pé ìyẹn ò tó, ó tún gba ìjọ lọ lọ́jọ́ ìsinmi, ó dìde láàárín àdúrà ìdákẹ́jẹ́, ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ orin ilé ọtí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó tún ń gbe ara rẹ̀. Kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, Bàbá Ìlànà ti ka ìbáwí rẹ̀ tán. Ó sáré dé ilé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Láti inú ilé ni ìyàwó rẹ̀ ti dá a lóhùn. "Ẹ" tó máa ń fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti tẹ̀ lé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ.

"Lọ jókòó síbi tí wọ́n ní kó o jókòó. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá rí ọ, tó ní òun lè dúró fún ọ pé o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ọjọ́ náà ni kó o wá kan ilẹ̀kùn yìí. Torí èmi tí mo mọ̀ ọ́ jù, n kò rí ohun tí mo lè dúró lé lórí."

Bẹ́ẹ̀ ni Ohùn-Àgbá ṣe di ẹni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù lórí èérún pákó, bí àkùkọ tí kò ní ilé. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi pé, ó rìn lọ sẹ́yìn ìjọ, ó bá Onídìrí lórí bẹ́ǹṣì.

"Háà, ọ̀gá káfíńtà! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi."

"Ibo ni kí n sún sí? Bí mo bá sún, màá já lulẹ̀ ni. Àbí ẹ ti gbàgbé bí ẹ ṣe gbẹ́ ẹ?"

Ó jókòó. Ó yọ̀. Ó tún jókòó. Nǹkan kan gún un nítan wọ eegun.

"Kókó nìyẹn," Onídìrí wí. "Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Alàgbà ni mo ń pè é, torí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Ká má parọ́, láti ọjọ́ náà Ohùn-Àgbá ò fẹnu kan ọtí mọ́. Ó tọ ipasẹ̀ ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ lọ títí ó fi bá a lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní òdì kejì ìlú. Télọ̀ ní òun ò gba owó, bẹ́ẹ̀dì ni òun ń wá. Ó kan bẹ́ẹ̀dì. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀dì láìsí kọ́bọ́ọ̀dù, àfi bí ìyàwó láìsí ọkọ. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Télọ̀ wá wo adìyẹ rẹ̀, ó ní àwọn yẹn náà ò rílé gbé. Ó kan ilé adìyẹ. Ìgbà tó rí i pé èyí tó kù tí télọ̀ lè ní kóun kàn ni ààfin, ó gbé ẹ̀rọ karí, ó sá. Tábìlì ẹ̀rọ náà ló gbàgbé síbẹ̀.

Ó gbé e sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó da aṣọ bò ó. Kò lè gbé e lọ sílé, torí ìyàwó rẹ̀ ní kó má kan ilẹ̀kùn. Kò sì fẹ́ rán ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó kó nǹkan lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló yẹ kó fi kó o padà. Ẹ̀rọ wá jókòó kalẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ìyàwó jókòó sílé ó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán aṣọ oníbàárà, abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́mọ ìka. Gbogbo ẹ̀ dúró de ẹni tí yóò wá fa káfíńtà dìde, kò sì sẹ́ni tó wá. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti fẹ́ pàdé ojú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń wo àjà bí ẹni tí áńgẹ́lì ń pè lókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Ìlànà tún yọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀. Ìbàdí yẹn ti ń dà á láàmú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà ni pé alàgbà gbọ́dọ̀ jókòó gbọnrangandan lórí àga onípákó.

"Káfíńtà, mo ti wo ìjọ yìí dáadáa. Àwọn kan ń pẹ́ dé. Àwọn kan ń wúkọ́ nígbà ìwàásù. Ìyá kan wà tí ojú tó fi ń wò mí kò dára. Bẹ́ǹṣì kan ò lè gbà wọ́n."

"Ẹ fẹ́ òmíràn, Bàbá?"

"Èyí tó gùn láti ògiri dé ògiri. Kó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Bí o bá gbé e dé lọ́jọ́ ìsinmi, èmi fúnra mi ni màá fà ọ́ dìde. Màá dúró fún ọ. Wàá sùn sílé rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà."

"Onídìrí ńkọ́, Bàbá?"

"Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Bàbá Ìlànà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Inú Ohùn-Àgbá dùn débi pé ó kọrin fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wàhálà ti dé. Ìṣó inú agolo ń jó. Ó yan pákó. Ó ti ń fi kálámù sàmì sí i nígbà tí Onídìrí gbé àpótí kan tó ti ya lẹ́sẹ̀ wá fún àtúnṣe. Obìnrin náà wo pákó, ó wo bó ṣe gùn tó, ó wo ojú káfíńtà tó ń sá fún un. Ó ti yé e.

"Ibo ni kókó máa wà lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ilé mi ni mo fẹ́ dé."

"Èmi bínú kẹ̀? Mò ń bẹ̀ yín ni. Ẹ bá mi fi í sí apá òsì. Itan ọ̀tún ti kú, òsì ṣì lè fara dà á fún ọdún díẹ̀ sí i." Ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ kí ìyàwó fún mi bẹ́ ẹ bá délé."

Kò ṣépè, kò pariwo. Ì bá kúkú ṣépè. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ohùn-Àgbá lára bí ìṣó tó wọ inú igi tútù. Ó gbé ayùn, ayùn ò lọ. Ó gbé òòlù, òòlù bà á lọ́mọ ìka. Ó rántí gbogbo ọjọ́ tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó jókòó sórí pákó náà, ó sunkún. Bó sì ti jẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ ló fi sunkún, àwọn tó ń kọjá lójú títì rò pé ọkọ̀ ńlá kan ló ń bọ̀, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà tó nu ojú tán, ó ní, "Bó bá jẹ́ èérún pákó ni mo máa sùn lé títí ayé, kí n kúkú sùn lé e." Ó wá kan bẹ́ǹṣì tí irú rẹ̀ ò sí lágbègbè yẹn rí. Ó fẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn tó rọra tẹ̀ bí ọwọ́ ìyá tó gba ọmọ mọ́ra. Ó ní ibi ìgbápálé. Ó ra fóòmù tó nípọn lé e, ó ra aṣọ aláwọ̀ búlúù, ó sì bẹ Onídìrí kó gbé aṣọ náà lọ fún ìyàwó òun kó bá òun rán ìbòrí rẹ̀.

"Iṣẹ́ ta ni?" ni ìyàwó bi í.

"Iṣẹ́ ìjọ ni," Onídìrí dáhùn. Kò parọ́.

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi rán gbogbo gígùn rẹ̀, ògiri dé ògiri. Bó ṣe ń gún un lọ́wọ́ ló ń dárúkọ ọkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe fún ìbùkún.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi pé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ohùn-Àgbá àti Onídìrí ti gbé tuntun wọlé, wọ́n ti wọ́ Má-Fara-Tì jáde. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jí i wò. Bàbá Ìlànà wà níwájú tí kò rí nǹkan kan, torí ìlànà ni pé alàgbà kì í wẹ̀yìn.

Ẹni tó ba gbogbo nǹkan jẹ́ ni Ìyá Orúnkún, arúgbó kan tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò ní ìròyìn mìíràn láti sọ fún ọmọ aráyé. Ó pẹ́ dé. Ó rí fóòmù. Ó jókòó lé e. Fóòmù gbà á, ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì gbà á, màmá sì ké jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn:

"Hààà! Jésù o!"

Kò tíì fi tọkàntọkàn pe orúkọ yẹn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di ọmọ ìjọ. Bàbá Ìlànà gbàgbé ìlànà, ó wẹ̀yìn. Ohun tó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọpọlọ rẹ̀.

"Káfíńtà! Kí lèyí? Ṣebí mo ní kó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí n lè fà ọ́ dìde?" Ó yíjú sí arúgbó náà. "Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀! Bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ṣẹ̀ ni!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ dá?"

"Ẹ fún mi láyè, mò ń rántí wọn lọ́wọ́. Wọ́n pọ̀." Ó ronú díẹ̀, ó tún fẹ̀yìn tì í dáadáa. "Ẹ̀n-ẹ́n. Adìyẹ aládùúgbò mi tó sọnù níjọ́sí, kò sọnù. Inú mi ló gbà lọ."

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹni tó ń tẹ dùùrù dìde. Ó ní orin mẹ́ta péré lòun mọ̀ ọ́n tẹ̀, gbogbo èyí tó kù, ariwo lòun fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó lọ jókòó. Olórí akọrin ní kì í ṣe àìsàn ló ń gbé òun dè ní gbogbo ọjọ́ ìdánrawò, oorun ni. Ó lọ jókòó. Ọkùnrin kan tí gbogbo ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún nítorí omijé rẹ̀ ní òun máa ń fi ìka tọ́ ara òun lójú ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bí eṣú! Fóòmù kún, àwọn kan jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Èèyàn á rò pé ìsọjí ló dé, kó tó rí i pé ìdí ló ń wá ibi rírọ̀.

Àfi ìgbà tó kan mẹkáníìkì kan. Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ wà nínú ìjọ náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kò wo bẹ́ǹṣì rárá. Ó wo ilẹ̀.

"Láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú," ló wí, "mo máa ń gba iwájú ilé àbúrò mi kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn kọjá. Ọmọ rẹ̀ kí mi lọ́jọ́ kan. N kò dáhùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dìde lápá òsì, ó tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ sún, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà ni."

Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́. Olùṣọ́-àgùntàn fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, ó ní òun ti ń rí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, òun sì ti ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onídìrí. Bàbá Ìlànà nìkan ló kù lórí ìdúró, ìbàdí rẹ̀ ń gún un, ìbínú rẹ̀ ń hó.

"Ó dáa! Gbogbo yín ti jókòó. Ta ni yóò wá fà yín dìde?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," Olùṣọ́ wí. "Ìlànà yín ni."

"Èmi? Kí n ṣe onígbọ̀wọ́ gbogbo yín? Ìyá tó jẹ adìyẹ yìí? Ọ̀mùtí tó ta ẹ̀rọ aya rẹ̀? Kí gbogbo yín tún ṣubú lọ́la, kí èmi wá lọ jókòó nítorí yín? Ta ló lè ṣe irú ìyẹn?"

"Ẹnì kan ti ṣe é rí," Olùṣọ́ wí pẹ̀lú ohùn ẹ̀fọn rẹ̀. "Ó mọ̀ pé a ó tún ṣubú, ó sì dì wá lọ́wọ́ mú. Ibi tí wọ́n fi Í sí nítorí wa, Bàbá, igi àti ìṣó ni. Kò sí fóòmù níbẹ̀."

Ohùn-Àgbá, tó mọ ohun tí ìṣó ń ṣe sí ọwọ́ ènìyàn, dorí kodò. Bàbá Ìlànà lanu, kò rí ìlànà kankan níbẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ló gba ipò ọ̀rọ̀. Ó gún un kan báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Ó rọra rìn lọ sẹ́yìn.

"Ẹ sún," ló wí fún Onídìrí, "ẹ jọ̀ọ́."

Ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì, omi sì já bọ́ lójú rẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn lórí omi yẹn: àwọn kan ní ìrònúpìwàdà ni, àwọn kan ní ìbàdí ni. Ọlọ́run tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ò béèrè.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí i pé ẹnì kan ṣì wà lórí àga níwájú. Ìyàwó káfíńtà ni. Òun nìkan ni kò jẹ́wọ́ nǹkan kan; òun nìkan sì lẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní ti gidi. Ó dìde. Ó rìn dé ìdí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ kan ojú rírán rẹ̀.

"Ìdí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mo ti ń fi ọmọ ìka mi rán nǹkan fún látọjọ́ yìí?" Ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò kàn án kó le bí Bàbá ṣe ní? Ò bá ti wọlé sùn lónìí."

"Mo gbìyànjú. Ọwọ́ mi kọ̀."

"Ẹ̀rọ mi ńkọ́?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbà á padà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó... ó ti pẹ́ díẹ̀. O ní n kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn ni mo ní kó o má kàn!" Ó na ọmọ ìka rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti dá batani sí. "Ṣé o ò lè dúró lójú fèrèsé kó o pariwo ni? Ohùn tó ń mi eyín lẹ́nu arúgbó!"

Ìyá Orúnkún di ẹnu rẹ̀ mú. Ohùn-Àgbá ò lóhùn kankan, ti òkè o, ti ìsàlẹ̀ o. Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ọwọ́ tó nà láti fi ojú abẹ́rẹ́ hàn án, kò fà á sẹ́yìn mọ́. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè.

"Ẹ dìde, Bàbá wọn."

Ó fà á. Ìfàdìde àkọ́kọ́ nínú ìjọ náà nìyẹn.

"Mo ti di onígbọ̀wọ́ yín o. Bí ẹ bá tún tà á, èmi ni màá jókòó síbí. Ó ṣáà rọ̀."

"Àwa tó kù ńkọ́?" Ìyá Orúnkún béèrè láti inú fóòmù.

"Kí Jésù fà yín, màmá. Ẹ wúwo jù fún mi."

Ohùn-Àgbá yíjú padà, ó na ọwọ́ sí Onídìrí. "Ẹ̀gbọ́n, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ foríjì mí."

"Ẹ kọ́kọ́ fà mí dáadáa ná, ẹsẹ̀ mi ti kú." Nígbà tó dúró tán, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Gbogbo ìjọ ń wo ibi tí yóò yà sí. Ó yà sí ọ̀dọ̀ Bàbá Ìlànà.

"Ọwọ́ yín dà, Bàbá?"

"Ìwọ? Ìwọ lo fẹ́ dúró fún mi?"

"Ta ló kù tó mọ̀ yín tó mi? Ọdún mélòó ni mo ti ń wo ẹ̀yìn orí yín láti ibí?"

Ó fà á. Bàbá fa Olùṣọ́, Olùṣọ́ fa mẹkáníìkì, mẹkáníìkì fa àbúrò rẹ̀, títí gbogbo ilé fi dúró ṣánṣán, àfi Ìyá Orúnkún tó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun ò tíì jẹ́wọ́ tán.

Bàbá Ìlànà ló gba àdúrà ìparí. Ó gbàdúrà fún àwọn tó wà lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn tó wà láàárín. Ó dé orí ẹja inú ibú. Gbogbo ìjọ la ojú kan sí Onídìrí. Obìnrin náà ti fa èémí sínú. Bàbá náà la ojú kan, ó rí i.

"Àwọn ẹja yẹn, Olúwa, O mọ̀ wọ́n," ló wí kíákíá. "Àmín."

Ọjọ́ náà ni Ohùn-Àgbá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ karí wọ ilé rẹ̀. Kò ní tábìlì tí yóò gbé e lé, ló bá tú Má-Fara-Tì palẹ̀, ó tún pákó rẹ̀ tò, ó sì fi kan tábìlì. Ó ti gbé ìfági láti fá kókó yẹn dànù nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "Kó má lọ di pé orí bẹ́ǹṣì rírọ̀ ni màá rán yín lọ bẹ́ ẹ bá tún mutí wálé. Orí èyí ni."

Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó tẹ ẹ̀rọ, ilé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.